Uric acid nọ́mà, gout ṣì lè wà níbẹ̀ o
Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp fún àwa tá à ń ka ìmọ̀ ìṣègùn, pé tí uric acid (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó lè di crystal, ìyẹn hóró kéékèèké, sínú oríkèé) bá ti nọ́mà kì í ṣe gout (àrùn oríkèé wíwú tí crystal yẹn ń fà), irọ́ ni. Ìgbà tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ bá wú, tó pọ́n, tí aṣọ ìbora lásán ò ṣeé fi kàn án lóru, uric acid lè wálẹ̀ lásìkò yẹn gan-an, ẹ tún un tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 2 tí wíwú náà bá ti rọlẹ̀. Èyí tó dájú jù ni kẹ́ ẹ fa omi oríkèé yẹn, crystal rẹ̀ á rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Omi yẹn náà lẹ máa fi wò ó bóyá kòkòrò àrùn ló wọbẹ̀, torí ìyẹn lè ba oríkèé jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.