Irọ́ ni o, òfin èéfín Amẹ́ríkà kan ilé-iṣẹ́ àtijọ́ náà

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn wa n'Íbàdàn, mẹ́sẹ́èjì tẹ́ ẹ ń fọ́wọ́dù káàkiri lórí Wásáàpù yẹn, èyí tó ní òfin Amẹ́ríkà ò kan ilé-iṣẹ́ iná tó ti pẹ́, pé wọ́n lè tún un kọ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá kéèfín ẹ̀ ṣì máa rú títí ayé, torí náà kí wọ́n fi àwọn ilé-iṣẹ́ Olúyọ̀lé lọ́rùn sílẹ̀, kì í ṣòótọ́.

Ohun tó jẹ́ kó fẹ́ jọ òótọ́ ni pé nígbà tí wọ́n tún Clean Air Act, òfin afẹ́fẹ́ Amẹ́ríkà, ṣe lọ́dún 1977, wọn ò ní kí àwọn tó ti wà nílẹ̀ sáré lọ ra ẹ̀rọ tuntun. Ṣùgbọ́n tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan bá ṣàtúnṣe tí ìdọ̀tí tó ń tú sáfẹ́fẹ́ fi lé kọjá ìwọ̀n, bíi 40 tọ́ọ̀nù lọ́dún fún sulfur dioxide (gáàsì olóró kan tó máa ń bá èéfín jáde), ó gbọ́dọ̀ gba pọ́míìtì kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì fi ẹ̀rọ ìgbàlódé tó ń dín in kù sí i. New Source Review lorúkọ ìlànà pọ́míìtì yìí. Àtúnṣe wẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń ṣe déédéé nìkan ni ò kàn, ibẹ̀ ni wàhálà sì wà, torí àwọn kan á ṣiṣẹ́ ńlá tán wọ́n á ní àwọn kàn pààrọ̀ nọ́ọ̀tì ni (ẹ ṣáà mọ irú wọn).

Ìjọba Bush, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn, tiẹ̀ gbìyànjú láti dẹ ìlànà yìí lọ́dún 2003, pé tówó ẹ̀rọ tí wọ́n pààrọ̀ ò bá ti ju 20% iye tí wọ́n máa fi pààrọ̀ odindi ẹ̀ka náà lọ, kò sí pọ́míìtì. Kóòtù fagi lé e lọ́dún 2006.

Tiwa ńkọ́? Nàìjíríà lófin afẹ́fẹ́ tiẹ̀, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ló ń mójú tó o, kò sí ti Amẹ́ríkà ńbẹ̀ rárá.