Ilé ṣófo létíkun, àgbàrá dé Armstrong Creek

Ẹni tó bá rìn gba àwọn òpópónà orí òkè tó kọjú sí òkun ní ìlú Lorne, lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kan nínú oṣù Keje tí òtútù ń mú ní ìpínlẹ̀ Victoria lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ilé tó ṣókùnkùn ni yóò rí jù. Kì í ṣe pé wọ́n mú iná lọ o. Àwọn onílé ni kò sí níbẹ̀. Melbourne ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, wọ́n sì ti ti ilẹ̀kùn pa di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2021, ó ju ìdajì ilé inú ìlú náà lọ tí wọn ò bá ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ní Armstrong Creek tí kò ju nǹkan bí wákàtí kan sí Lorne lọ, katakata wà níkàlẹ̀ lórí pápá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé sí pulọ́ọ̀tì, ó ń dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ohun kan náà ló ń ṣe ibi méjèèjì. Èrò tiwa ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ Victoria fi òfin dé shortlet (ilé tí wọ́n ń fi fún àlejò fún òru díẹ̀) sí 60 òru lọ́dún ní gbogbo etíkun tó yí Geelong ká, láti Point Lonsdale dé Lorne, fún gbogbo ilé tí onílé fúnra rẹ̀ kò gbé. Owó orí tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ báyìí kò ká a.

Geelong ni ìlú kejì tó tóbi jù ní Victoria, nǹkan bíi kìlómítà 75 sí Melbourne. Ilé iṣẹ́ Ford dé síbẹ̀ ní 1925, wọ́n ti ẹ́ńjìnnì ibẹ̀ pa ní 2016. Alcoa tó ń yọ́ alumíníọ́mù ní Point Henry ti lọ ṣáájú, ní 2014. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìlú náà ti parí nìyẹn, ṣùgbọ́n ìjọba kó àwọn ọ́fíìsì ńlá wá síbẹ̀, yunifásítì Deakin ń gbòòrò, ọkọ̀ ojú irin sì ń gbé òṣìṣẹ́ lọ sí Melbourne láàárọ̀. Èrò wá ń ya wọ̀lú. Níbo ni kí wọ́n sùn?

Ìdáhùn ìjọba pín sí méjì. Wọ́n fa ìlà yí àwọn ìlú etíkun ká pé kíkọ́lé kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Ní 2019 ni wọ́n kéde pé ilẹ̀ Surf Coast àti ti Bellarine jẹ́ ilẹ̀ tó yẹ kí a dáàbò bò, òun ló sì bí àwọn ààlà tó wà ní Torquay, Ocean Grove, Barwon Heads àti àwọn yòókù. (Torquay la kọ, ṣùgbọ́n “Tọ́kì” ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá pè é bó ṣe wà nínú ìwé, wọ́n á mọ̀ pé àlejò ni.) Èkejì, wọ́n ya hẹ́kítà 2,500 sọ́tọ̀ ní gúúsù Geelong, wọ́n pe ibẹ̀ ní Armstrong Creek, wọ́n sì ní kí ilé 22,000 wá síbẹ̀.

A fara mọ́ ìlà yẹn. Àwọn ará Torquay bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ àfonífojì Spring Creek fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbà pé kí ilẹ̀ ibẹ̀ máa jẹ́ pápá lọ láàárín Torquay àti Bellbrae. Wọ́n jà á dáadáa. Ṣùgbọ́n ìlú tó bá ní kí wọ́n má kọ́lé tuntun sí ìta òun mọ́, kò yẹ kó tún máa ti èyí tó wà nínú rẹ̀ pa.

Nítorí pé ẹni tí kò ríbi gbé ní Torquay kò pòórá. Armstrong Creek ló lọ, ibẹ̀ sì ni omi ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Armstrong Creek ṣì jẹ́ pápá màlúù, òjò tó bá rọ̀, ilẹ̀ ló ń mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Báyìí, páànù, kọnkéré àti ọ̀dà ló bo ilẹ̀. Omi kúrò lórí òrùlé, ó gba páìpù ara ògiri bọ́ sí gọ́tà, ó gba abẹ́ títì dé adágún kékeré tí wọ́n gbẹ́ láti dá a dúró díẹ̀, ó bọ́ sínú odò tí wọ́n fi sọ àdúgbò náà lórúkọ, ó wá forí lé àwọn àbàtà tó wà lẹ́bàá odò Barwon: Sparrovale, Hospital Swamps, dé adágún Connewarre. Láti 1982 ni Hospital Swamps àti adágún Connewarre ti wà lára àwọn àbàtà tí gbogbo ayé fi àdéhùn Ramsar dáàbò bò.

Ẹni tí kò mọ̀ á ní, “Ṣebí omi ló wọ inú omi, kí ló burú?” Ìdọ̀tí ni àwọn mìíràn sì máa ń rò pé ó jẹ́ ìṣòro, àmọ́ ìdọ̀tí ṣeé sẹ́ kúrò nínú omi. Wàhálà ibẹ̀ ni pé omi òjò kò níyọ̀, àti pé kì í dé lásìkò tó yẹ. Àbàtà oníyọ̀ nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí iyọ̀ sì yọ lójú ilẹ̀. Ewéko kúkúrú kan ló ń hù níbẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ rí bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn, ó wú, omi iyọ̀ kún inú rẹ̀. Èso ewéko yìí wà lára oúnjẹ ayékòótọ́ kan tí ikùn rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn, tó máa ń fi Tasmania sílẹ̀ wá lo ìgbà òtútù ní etíkun yìí, tó sì wà lára àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ jù lọ láyé. Bí omi òrùlé bá ń dé ní oṣù Kìíní, ní gbogbo ìgbà tí òjò bá ti ta sílẹ̀ díẹ̀, iyọ̀ á ṣàn lọ, koríko gíga bí eèsún á ráyè wọlé, á sì bo ewéko oníyọ̀ náà mọ́lẹ̀. Kò ní kú lọ́jọ́ kan. Ó lè tó ọdún mélòó kan kí ojú tó rí i, ìgbà yẹn ni àtúnṣe á sì ti wọ́nwó.

Ìjọba ìbílẹ̀ Geelong rí èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ oko ẹran Sparrovale, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi hẹ́kítà 500, di àbàtà tí ń gba omi yìí mọ́ra kí ó tó dé ibi oníyọ̀. Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ ibi tí ń gba omi pamọ́ ní ìwọ̀n. Òrùlé kọ̀ọ̀kan tí a bá fi kún un, omi rẹ̀ náà fẹ́ ibi tí yóò dúró sí. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò níí gbà fún un. Ní Armstrong Creek, ilé gan-an ló ń bí àgbàrá.

A kò sọ pé kí Armstrong Creek dá iṣẹ́ ilé kíkọ́ dúró. Ènìyàn ní láti gbé ibìkan, àwọn tó kọ́lé síbẹ̀ sì ti gba ìlànà púpọ̀ mọ́ra: páìpù méjì ló ń wọ ilé wọn, ọ̀kan fún omi mímu, èkejì aláwọ̀ elésè àlùkò fún omi ìdọ̀tí tí wọ́n tún ṣe ní Black Rock, èyí tí wọ́n fi ń ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí wọ́n sì fi ń bomi rin ọgbà. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a má kọ́ ilé kan síwájú àbàtà nítorí pé ilé mìíràn wà létíkun tí a fi ń ṣe ọ̀sọ́.

Ẹ wo ọ̀nà Surf Coast Highway láàárọ̀. Àwọn káfíńtà, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, àwọn tó ń se kọfí àti àwọn tó ń fọ ilé shortlet ló kún ún, tí wọ́n ń ti Armstrong Creek àti Grovedale bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ní Torquay. Àlejò á jáde ní aago mẹ́wàá, òmíràn á wọlé ní aago méjì ọ̀sán. Láàárín wákàtí mẹ́rin yẹn, ẹni tó ń fọlé gbọ́dọ̀ ká gbogbo bẹ́ẹ̀dì, kó fọ balùwẹ̀ méjì, kó gbá iyanrìn kúrò nílẹ̀, kó sì wakọ̀ padà. Yàrá mẹ́rin ló tọ́jú, kò sì sí ọ̀kan tó lè yá gbé nínú wọn. Ọkọ̀ ojú irin kò dé Torquay. Bọ́ọ̀sì ló wà, wọ́n sì ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ la Armstrong Creek kọjá fún ọ̀nà ọkọ̀ èrò tí yóò dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ náà ni kò tíì dé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ wa náà. Láti ìparí 2019 ni Geelong ti wà lára ibi tí físà 491 gbà, èyí tí wọ́n ń fún oníṣẹ́ ọwọ́ àti onímọ̀ fún ọdún 5 kí ó máa gbé lẹ́yìn àwọn ìlú ńlá bíi Melbourne àti Sydney. Bí ó bá pé ọdún 3, ó lè béèrè fún ìwé ìgbélùú. Nọ́ọ̀sì tó bá fi físà yìí ríṣẹ́ ní Torquay, kí ó má tètè yọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Kí ó kọ́kọ́ wo ilé tó wà fún ọdún kan gbáko, kì í ṣe èyí tí wọ́n á ní kó kó jáde ní oṣù Kejìlá.

Ó ti wá kan owó. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2025 ni Victoria ti ń gba ìdá 7.5 nínú 100 lórí shortlet tí kò bá tó ọjọ́ 28. Wọn kì í gbà á lórí ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé. Wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lórí gbogbo owó tí àlejò san, tó fi mọ́ owó ìfọlé. Ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ: dọ́là 450 lóru, òru 3, owó ìfọlé 150. Àpapọ̀ jẹ́ 1,500, owó orí rẹ̀ jẹ́ 112.50. Ta ló san án? Àlejò ni. Ẹni tó ti gbé ọmọ mẹ́ta sínú mọ́tò wá wẹ̀ lókun ní oṣù Kìíní kò ní torí 112 dọ́là padà sílé. Onílé kò mọ̀ ọ́n lára rárá.

Ẹ wá wo 60 òru. Bí ilé yẹn bá ń rí àlejò fún òru 120 lọ́dún, 54,000 dọ́là ló ń wọlé. Bí wọ́n bá fi fún ayálégbé ní 600 lọ́sẹ̀, 31,200 ni. Kò sẹ́ni tí kò mọ èyí tí onílé á mú. Bí òfin bá wá ní 60 òru péré, 27,000 ni shortlet á mú wá, kí a tó yọ owó ìfọlé àti ti ìkànnì tó ń bá onílé wá àlejò. Ayálégbé á wá di ẹni tí onílé ń wá. Owó orí kò lè ṣe èyí àfi tí wọ́n bá gbé e ga débi pé á di ìyà.

Byron Bay ní New South Wales ti ṣe é. Láti oṣù Kẹsàn-án 2024 ni òté 60 ọjọ́ ti wà ní ọ̀pọ̀ ibi ní àgbègbè ibẹ̀ fún ilé tí onílé kò gbé. Kí Victoria kọ́ nínú rẹ̀, kó sì dí ihò ibẹ̀: ní New South Wales, ẹni tó bá gba ilé fún ọjọ́ 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í kà á mọ́ 60 náà. Kí ti Victoria jẹ́ ọjọ́ 28, bíi ti owó orí rẹ̀. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí yóò hàn nínú ìpolówó rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ìkànnì tó gba owó ni yóò ka òru, torí ìjọba ìbílẹ̀ kékeré bíi Queenscliffe kò lè rán ènìyàn lọ ka kọ́kọ́rọ́.

Ihò kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọgọ́ta òru ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ìgbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn. Onílé ọlọ́gbọ́n á fi ilé fún ayálégbé láti oṣù Kejì dé Kọkànlá, á lé e jáde, á sì lo 60 òru rẹ̀ tán ní Kérésìmesì. Láti oṣù Kọkànlá 2025 ni Victoria ti ka á léèwọ̀ pé kí onílé lé ayálégbé láìsọ ìdí. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gedegbe pé shortlet kì í ṣe ìdí.

Àwọn tó ń ta ọjà fún àlejò ń pariwo pé òté yìí á pa ìṣòwò. Ilé ìtura àti ọgbà àgọ́ wà, òté kò kàn wọ́n. Ilé oúnjẹ tí kò rí agbáwo gbà síṣẹ́ sì ti mọ ohun tó ń pa òun. Àríyànjiyàn tó lágbára ni èyí: bí ẹ bá dé shortlet, àwọn kan á kàn ti ilé pa ni. Òótọ́ ni. Owó orí ilé ṣófo, tó jẹ́ ìdá 1 nínú 100 iye ilé lọ́dún àkọ́kọ́, 2 lọ́dún kejì, 3 lọ́dún kẹta, ti kan gbogbo Victoria láti 2025, àmọ́ ẹni tó bá fi ilé ìsinmi rẹ̀ sinmi fún ọ̀sẹ̀ 4 péré lọ́dún bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 48 tó kù ńkọ́? Kí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ 12 ní àwọn ìlú tí ìlà ti yí ká. Àwọn onílé á bínú, wọ́n sì pọ̀ lára àwọn tó ń dìbò ní Melbourne, ìdí nìyẹn tí a kò fi retí pé èyí á yá.

Òté 60 òru ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, kí kíkà rẹ̀ sì máa lọ láti Keje sí Keje, nítorí láti ìgbà òtútù ni àwọn ènìyàn ti ń gba ilé Kérésìmesì sílẹ̀. Bí òfin bá dúró di oṣù Kìíní, ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko ti lọ nìyẹn.