Creatine kọ́ ló ń pa kíndìnrín

Màmá mi ló da agolo creatine mi, ìyẹ̀fun tí àwọn tó ń gbé irin máa ń mu, sí àkìtàn. Wọn ò bi mí léèrè kí wọ́n tó dà á nù. Ohun tó fà á ni ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí mo mú wálé nígbà tí mo fẹ́ wọ iṣẹ́ tuntun. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé creatinine mi, ohun tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ láti mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, jẹ́ 1.5, wọ́n sì fa ìlà pupa sí i nídìí. Ẹni tó fún mi níwèé náà wo apá mi, ó ní, "Ẹ̀ ń mu ìyẹ̀fun àwọn oníjíìmù, àbí? Ó ti ń jẹ kíndìnrín yín." Ọ̀rọ̀ kan yìí ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn nílé wa lóru ọjọ́ náà.

Mo mọ̀ pé ilé wa nìkan kọ́. Jíìmù yòówù tí ẹ bá wọ̀, láti Agége dé Bódìjà, ẹ ó bá ẹnìkan níbẹ̀ tí ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu creatine, tí kíndìnrín onítọ̀hún sì bàjẹ́. Àwọn òbí gbà á gbọ́, àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn náà sì ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, torí pé ẹni tí kò jalè là ń lé kiri, olè gan-an sì jókòó sínú ilé wa, ó ń jẹun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Onímọ̀ kẹ́místrì ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Michel Eugène Chevreul, ló rí creatine nínú ẹran ní 1832. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì ń pe ẹran ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe é, kíndìnrín tí wọ́n ní ó ń pa yìí sì ni ibi tí iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń parí rẹ̀. Nǹkan bíi gíráàmù kan ni ara ń ṣe lóòjọ́, ẹni tó bá ń jẹ ẹran àti ẹja á sì tún rí bíi gíráàmù kan sí i. Inú iṣan ni èyí tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ lọ ń gbé.

Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ẹ wo ìyá olójà méjì tí wọ́n jọ pàtẹ. Oníbàárà kan kó ẹgbẹ̀rún náírà wá ra nǹkan igba náírà, ṣénjì sì ti tán lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà á fún un. Bí ó bá ní kí òun lọ sí báńkì, oníbàárà á ti lọ. Ẹnìkejì rẹ̀ ló máa na ṣénjì sí i kíá, tí ọjà á fi tà. Agbára tí iṣan ń ná, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ATP, kì í pẹ́ tán bí a bá gbé irin wúwo. Creatine ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń yá a ní ṣénjì, fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kí ara tó ráyè yọ agbára mìíràn láti inú oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tó fi wúlò fún ẹni tó ń gbé irin àti ẹni tó ń sá eré 100 mítà, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tó ń sáré ọ̀nà jíjìn. Irin tí ẹ ń gbé lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ẹ lè wá gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, iṣan á dàgbà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe sítẹ́rọ́ọ̀dù, kò sì sí lára ohun tí àjọ tó ń gbógun ti oògùn nínú eré ìdárayá lágbàáyé kà léèwọ̀.

Ibi tí gbogbo àṣìṣe náà ti wá ni orúkọ méjì tó jọra: creatine àti creatinine.

Níbi tí igi bá ti ń jó, eérú kò ní ṣàìsí. Creatinine ni eérú creatine. Lójoojúmọ́, nǹkan bí ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún creatine ara wa ló ń di creatinine, kíndìnrín á sì gbá a jáde sínú ìtọ̀. Dókítà kò lè yọjú wo bí kíndìnrín ṣe ń gbálẹ̀, nítorí náà eérú tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n. Bó bá ti pọ̀ jù, wọ́n á fura pé ó ti ń rẹ agbálẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n bí onílé bá kó igi wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, eérú á pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ agbálẹ̀ kò ṣàìsàn. Ẹni tí iṣan rẹ̀ tóbi, eérú tirẹ̀ ti pọ̀ ju ti ẹni tó rù lọ kó tó fẹnu kan ìyẹ̀fun kankan. Kódà, ẹni tó jẹ sùúyà yó lálẹ́, tó wá lọ fún àyẹ̀wò láàárọ̀, creatinine rẹ̀ lè gòkè, torí pé creatinine ti wà nínú ẹran tí iná ti bà.

Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìkankan nínú èyí níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò. Dókítà àgbà obìnrin kan tí mo lọ bá lẹ́yìn ìgbà náà ló bi mí. Wọ́n ní kí n fi creatine sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí n má sì gbé irin ní ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú àyẹ̀wò. Wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò bóyá protein ń jò gba ibẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni kíndìnrín tó ń ṣàìsàn ti sábà máa ń tètè fi ara hàn. Kò sí nǹkan kan. Creatinine mi padà sí 1.1. Màmá mi, tí wọ́n tẹ̀ lé mi lọ tẹkúntẹkún, ni dókítà wá fi okùn ìfúnpá sí lápá. Ó jẹ́ 168 lórí 104: ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọn ò mọ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni ti wọ̀n ọ́n fún wọn kẹ́yìn.

Bí ẹ bá bi mí pé báwo ni ìbẹ̀rù yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun méjì ni mo mọ̀ tó dá a sílẹ̀. Ní ìparí ọdún 1997, ọmọ yunifásítì mẹ́ta tó ń ja ìjàkadì ní Amẹ́ríkà kú láàárín bí oṣù kan síra wọn, kíá ni ariwo sọ pé creatine ni. Nígbà tí ìjọba wádìí, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ náà ń sáré dín ìwọ̀n ara wọn kù kí wọ́n lè bọ́ sí ipò tí wọ́n fẹ́ jà: wọ́n wọ aṣọ rọ́bà, wọ́n ń ṣe eré ìdárayá nínú yàrá gbígbóná, wọn ò sì mu omi tó. Ooru àti òùngbẹ ló pa wọ́n. Ní 1998, àwọn dókítà méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sí The Lancet, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn, nípa ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 25 kan tí iṣẹ́ kíndìnrín rẹ̀ lọọlẹ̀ nígbà tó ń lo creatine, tó sì gòkè padà nígbà tó dáwọ́ dúró. Ìwé ìròyìn gbé e káàkiri. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò tẹnu mọ́ ni pé ọmọ náà ti ní àrùn kíndìnrín láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, ó sì ń lo cyclosporine, oògùn tí òun fúnra rẹ̀ lè pa kíndìnrín lára.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò lórí ara àwọn tó ní ìlera. Jacques Poortmans àti Marc Francaux ní Belgium tẹ èsì tiwọn jáde ní 1999, lórí àwọn eléré ìdárayá tí wọ́n ti ń lò ó láti oṣù mẹ́wàá dé ọdún márùn-ún: kíndìnrín wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìwádìí tó tẹ̀ lé e ló bá tiwọn mu. Gíráàmù 3 sí 5 lóòjọ́ ló tó, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni máa da 20 sẹ́nu lóòjọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ń fi 3 sí 5 lọ jẹ́ẹ́jẹ́, iṣan á kún láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kílò kan tàbí méjì tí ẹ ó fi wúwo sí i, omi tó wọnú iṣan ni. Ní ti irun tí wọ́n ní ó ń re, ìwádìí kékeré kan lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù rugby ní South Africa ní 2009 ló bí ọ̀rọ̀ yẹn, wọn ò sì wọn irun ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn ńkọ́? Kó má fọwọ́ kàn án, àyàfi bí dókítà rẹ̀ bá ní kó lò ó. Ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní àrùn náà, kó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò. Mi ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí, pàápàá fún àwa Yorùbá. Ní 2010, àwọn onímọ̀ rí i pé jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní APOL1 ní ẹ̀yà méjì tó ń mú kí àrùn kíndìnrín tètè mú ènìyàn. Àwọn ẹ̀yà náà wọ́pọ̀ gan-an láàárín wa, torí pé wọ́n ran àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ lórí kòkòrò àìsàn sunrunsunrun. Ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ní àrùn náà títí ayé wọn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká mọ àwọn olè tó ń jí kíndìnrín gbé. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò wọ̀n. Àtọ̀gbẹ tí a kò tọ́jú. Ọṣẹ àti ìpara abóra tí wọ́n po mákúrì mọ́. Oògùn ara ríro bíi diclofenac àti ibuprofen, tí àwọn kan ń gbé mì lójoojúmọ́. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò jẹ́ fi creatine sẹ́nu nítorí kíndìnrín, tó sì ń lo diclofenac méjì lálẹ́ gbogbo ọjọ́ tó bá gbé irin. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó fi sílẹ̀.

Ìyẹ̀fun protein kò yàtọ̀. Ẹ̀rí kò sí pé ó ń ba kíndìnrín tó dá pé jẹ́. Ẹni tó ti ní àrùn náà ni dókítà máa ń dín protein kù fún. Whey tí wọ́n ń tà lówó gọbọi, omi tó ń ro jáde bí àwọn Fúlàní bá ń ṣe wàrà ni, tí wọ́n gbẹ. Ẹni tó wọn 70 kílò tó ń gbé irin nílò bíi gíráàmù 110 protein lóòjọ́. Ẹyin kan ní bíi 6, ẹ̀wà gbígbẹ 100 gíráàmù ní bíi 23, ìwọ̀n kan nínú agolo whey náà ní bíi 24. Tí apá yín bá ká ẹ̀wà àti ẹja Titus, ẹ kò pàdánù nǹkan kan. Creatine ni oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ lè dípò rẹ̀, torí pé ẹran màlúù bíi kílò kan ni ẹ ó jẹ kí ẹ tó rí gíráàmù 4 tàbí 5.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni ohun tí kò sí lára ìwé agolo. Ilé àyẹ̀wò kan ní Cologne, ní Jámánì, ra irú àwọn agolo wọ̀nyí 634 ní orílẹ̀-èdè 13, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2004: èròjà tí ara lè sọ di sítẹ́rọ́ọ̀dù wà nínú 94, láìkọ ọ́ sára agolo. Creatine monohydrate lásán ni kí ẹ rà, tí a kò po mọ́ ohun mìíràn, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n bù sínú ọ̀rá fún yín ní jíìmù, ẹ dá a padà.

Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó fa abẹ́rẹ́ pé ẹ ń lo creatine, iye tí ẹ ń lò, àti ìgbà tí ẹ gbé irin kẹ́yìn. Bí creatinine bá ga, ẹ bèèrè àyẹ̀wò cystatin C, tí òun náà ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí creatine kì í gbé sókè, àti ti protein inú ìtọ̀. Kí wọ́n sì wọn ìfúnpá yín kí ẹ tó dìde níbẹ̀.