Orúkọ Washington ti wà ṣáájú Sulgrave
Ẹ kú iṣẹ́ o, àmọ́ ibi tí ẹ ti ní nínú àpilẹ̀kọ yín pé Sulgrave, abúlé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni orúkọ ìdílé Washington (ìdílé George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ Amẹ́ríkà) ti ṣẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n rà síbẹ̀ ní 1539. Láti bí ọdún 1183 ni William de Hertburne ti gba ilẹ̀ Wessyngton (bí wọ́n ṣe ń kọ Washington nígbà náà) ní Durham, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ náà.

Ẹ ò tiẹ̀ mẹ́nu ba bàbá John, John tó jẹ́ bàbá bàbá bàbá George, tó kọ́kọ́ dé Virginia ní Amẹ́ríkà ní 1657. Àlùfáà Purleigh ní Essex ni bàbá ọ̀hún. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1643, wọ́n ní kì í kúrò nílé ọtí. (Ogun abẹ́lé láàárín ọba àti ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀yìn ọba ló sì wà. Èmi ò tètè gba ẹ̀sùn yẹn gbọ́.) Ká ní wọn ò lé e ni, bóyá John ì bá má tilẹ̀ bá ọkọ̀ oní-tábà lọ.