Ta ló sọ fún yín pé CAC ló ń bí owó orí?

“Má forúkọ òwò ẹ sílẹ̀ o, bí o bá ti gba ìwé CAC báyìí, owó orí dé nìyẹn.” Ọ̀rọ̀ nípa CAC yìí, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ òwò àti ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ti sú mi. Ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ń ta bébà ní Dùgbẹ̀ ló tún sọ ọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní gbogbo ìrọ̀rùn tí ìjọba ń kéde fún àwa oníṣòwò kékeré, pàkúté ni. Àwọn ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù sì ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá, mi ò ní ìwé kankan láti CAC. Mo kàn kọ orúkọ sára pátákó ni. Ṣé wọn ò wá? Wọ́n wá! Àwọn kan gba owó ṣọ́ọ̀bù, àwọn kan gba ti pátákó, àwọn mìíràn mú ìwé rédíò àti tẹlifíṣọ̀n dání, bẹ́ẹ̀ inú fóònù ọmọ iṣẹ́ mi ni rédíò kan ṣoṣo tó wà lọ́dọ̀ mi wà. Kò sẹ́ni tó bi mí pé CAC mi dà. Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ni wọ́n rí tí wọ́n fi wọlé.

CAC ò sì mọ nǹkan kan nípa owó wọ̀nyẹn. Òfin kan wà láti 1998 tó pín owó gbígbà láàárín ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Owó ìsọ̀, owó ọjà àti ìwé rédíò, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Owó ìforúkọsílẹ̀ ibi iṣẹ́, ti ìpínlẹ̀ ni, òfin náà sì ní kò gbọdọ̀ ju ₦10,000 lọ nígboro, àti ₦5,000 lọ́dọọdún lẹ́yìn ìyẹn. Òun náà ló ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dínà gba owó orí. (Ẹni tó bá ti gbé ọjà wọ Bódìjà rí mọ bí wọ́n ṣe ń pa ìyẹn mọ́.) Ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká ti máa bínú, èmi náà á sì tẹ̀lé yín lọ.

Owó orí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Orí èrè ni wọ́n ń gbé e lé. Ẹni tó gba business name (ìyẹn ẹni tó kàn forúkọ òwò sílẹ̀, tí kò dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀), lójú òfin, òun àti òwò rẹ̀ ò yàtọ̀ síra. Gbèsè owó orí tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ kó tó gba ìwé náà ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ lẹ́yìn tó gbà á. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, ò sì fọwọ́ kan ₦800,000 àkọ́kọ́ tó bá wọlé féèyàn lọ́dún.

Ti ilé-iṣẹ́ tó ní Limited lẹ́yìn orúkọ tilẹ̀ tún dùn jù. Láti 2020, èyí tí ọjà rẹ̀ ò ju mílíọ̀nù 25 náírà lọ lọ́dún kì í san owó orí ilé-iṣẹ́, kò sì pọn dandan fún un láti gba VAT, owó orí orí ọjà, lọ́wọ́ oníbàárà. Òfin tuntun tún gbé iye náà sókè. Mo ní kí ẹni tó ń tà tó bẹ́ẹ̀ nínú wa nawọ́. Ẹ̀rín ni ẹ̀gbọ́n bú sí. CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020, náà jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo lè dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, láìgba akọ̀wé tàbí ọ̀dítọ̀ bó bá ṣe kékeré. Níbo ni pàkúté wà níbẹ̀?

Nígbà Survival Fund, ètò ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún òwò kékeré lẹ́yìn Kòrónà, 250,000 òwò ni ìjọba ní òun máa bá forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ pàkúté yìí náà ló lé àwọn èèyàn wa sá. Bẹ́ẹ̀ báńkì ò ní ṣí àkáǹtì ní orúkọ òwò fẹ́ni tí ò ní ìwé. Iṣẹ́ ìwé ìdánwò odindi ilé-ìwé kan bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí pé wọn ò lè sanwó sínú àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ ara mi.

Wọ́n á ní ìjọba ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n NIN yín ti di nọ́ńbà owó orí yín láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026. Ẹni tó ní NIN, tó ń gba tránsífà látàárọ̀ dalẹ́, ta ló ń sá fún?

Ó dáa, ẹ jẹ́ n fi èyí kún un: lọ́dọọdún, ẹ máa ní láti fi ìròyìn òwò yín ránṣẹ́ sí CAC pẹ̀lú owó díẹ̀, ẹni tó bá gbàgbé á san ìtanràn. Owó fọ́ọ̀mù nìyẹn, kì í ṣe owó orí. Ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà.