Ta ló sọ pé òkúta tí kò wọ́n, ayédèrú ni?

“Ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn.” Òwe yìí ni màmá kan fi kí mi ní Sátidé tó kọjá, kí wọ́n tó fìdí kan àga nínú ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Ìta-Ẹlẹ́wà, ní Ìkòròdú níbí. Náílọ́ọ̀nù méjì ló wà lọ́wọ́ wọn. Àpótí kékeré tí wọ́n fi àrán tẹ́ nínú ló wà nínú èkíní, ẹ̀gbà ọrùn àti yẹtí olókùúta pupa sì wà nínú rẹ̀. Èkejì ò ní àpótí. Tíṣù ni wọ́n fi wé e: yẹtí, àti òkúta aláwọ̀ àlùkò kan tí wọ́n fi fàdákà dè, tí wọ́n so kọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́.

Ọmọ wọn ló fẹ́ ṣe ìdána. Mọ́mì fúnra wọn ló ra pupa, ruby ni wọ́n pè é fún wọn. Àbúrò ọkọ ìyàwó, tó ń gbé Ìbàdàn, ló ra àlùkò fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìgbà tí Mọ́mì gbọ́ iye tí kò tó nǹkan tí ọmọ yẹn rà á ni ojú wọn fà ro.

“Onílẹ̀kẹ̀, bá mi wá nǹkan gidi dípò jànkárà yìí. N ò fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú agbo.”

Mo mú awò mi, èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo wo méjèèjì. Gíláàsì ni pupa. Amethyst gidi ni àlùkò. Owó tí Mọ́mì san fún gíláàsì yẹn tó ra àgbò Iléyá kan tó tóbi, kó tún ku owó ata.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí. Afẹ́fẹ́ wínníwínní há sínú pupa yẹn, róbótó-róbótó, bí èyí tó máa ń rú sókè nínú ìgò mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Etí àwọn ojú tí wọ́n gé sí i lára ti kújú, ó dà bí súìtì tí ọmọdé ti lá díẹ̀ kó tó tu ú sílẹ̀. Ti àlùkò kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ò dọ́gba: ibì kan dúdú, ibì kan mọ́lẹ̀, wọ́n sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ìlà-ìlà bí aṣọ òfì. Etí rẹ̀ mú. Mo ní kí Mọ́mì gbé wọn lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé àlùkò tutù jù, ó sì pẹ́ kó tó lọ́wọ́ọ́rọ́. (Ìyẹn nìkan ò tó fi dájọ́ o. Ẹ má lọ máa gbé òkúta olókùúta lérẹ̀kẹ́ káàkiri ọjà.)

Wọn ò tíì gbà. “Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi láítà jó pupa yẹn lójú mi. Kò jóná!”

Iná láítà yìí ti jẹ owó ọ̀pọ̀ èèyàn. Inú iná ni wọ́n ti ń ṣe gíláàsì, kí ni láítà fẹ́ fi ṣe? Ike nìkan ni ìdánwò yẹn lè mú. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe fún iyùn, wọ́n á ní iyùn gidi kì í jóná. Ó dáa, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣe ayédèrú iyùn ni irú iyùn òkun míì tó pọ́ọ́kú, tí wọ́n rẹ sínú aró pupa. Ìyẹn ò ní jóná. Gíláàsì ò ní jóná. Òkúta tí ẹ fi dí táyà mọ́tò lẹ́nu géètì yín náà ò ní jóná. Bí ẹ bá fura sí aró, ẹ fi òwú kan acetone, omi tí àwọn tó ń kun èékánná fi ń nu ọ̀dà kúrò, kí ẹ fi ra ibi tó fara sin lára ìlẹ̀kẹ̀ náà. Bí òwú bá pupa, ẹ ti rí i. Iyùn gidi ni kò lè gba iná, torí ilé tí ẹran omi wínníwínní kọ́ fún ara wọn ni, iná á bà á jẹ́. Amethyst náà, bí iná bá wọ̀ ọ́ lára tó, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá tàbí kó di bí oyin. Ojúlówó ló ń jìyà ìdánwò yẹn, gíláàsì á kàn máa wò yín ni.

Ṣùgbọ́n owó ni mo fẹ́ sọ, torí ibẹ̀ gan-an ni òwe Mọ́mì ti ṣì wọ́n lọ́nà.

Gbogbo àwa tí a ń ná Mile 12 mọ̀ pé ìgbà kan ń bẹ tí apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan á máa lé èèyàn sẹ́yìn, ìgbà míì á sì dé tí wọ́n á máa fi bẹ oníbàárà kó tó bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin ti gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan ní tòmátì ìgbà ọ̀pọ̀ kì í ṣe tòmátì? Bí òkúta ṣe rí nìyẹn. Owó á sọ fún yín bí nǹkan ṣe pọ̀ tó nílẹ̀, iye èèyàn tó ń wá a, bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe dára àti bí ó ṣe tóbi tó. Bóyá ilẹ̀ ló ti jáde àbí ilé iṣẹ́, owó ò mọ ìyẹn.

Amethyst yìí ni kí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ ṣí Ìfihàn orí 21: nínú òkúta méjìlá tó wà ní ìpìlẹ̀ odi Jerúsálẹ́mù tuntun, òun ni ìkejìlá, òun àti sapphire jọ wà nínú òǹkà kan náà. Ní Yúróòpù àtijọ́, àwọn ọba àti bíṣọ́ọ̀bù ló ń wọ̀ ọ́, ẹgbẹ́ ruby ni wọ́n kà á sí. Lẹ́yìn ọdún 1800 ni wọ́n wá rí i rẹpẹtẹ ní Bràsíl, ni owó rẹ̀ bá já. Kò sí nǹkan kan tó yí padà lára òkúta náà.

Ruby ẹ̀wẹ̀. Ní 2015, wọ́n ta ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Sunrise Ruby ní Geneva, ó lé ní mílíọ̀nù 30 dọ́là. Kárátì 25.59 ni. Kárátì márùn-ún ló ń jẹ́ gíráàmù kan, ẹ fojú inú wo ìwọ̀n ṣíbí ìpo-tíì kan ṣúgà. Bẹ́ẹ̀ ní 1902 ni Auguste Verneuil, ará Faransé, ti gbé e jáde bí wọ́n ṣe ń fi iná líle yọ́ ẹ̀tù funfun títí á fi dì ní ruby. Èyí kì í ṣe gíláàsì o. Ohun tó wà nínú ti ilẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, bó ṣe le ló ṣe le, kò sì wọ́n. Mo máa ń tà á, mo sì máa ń sọ fún oníbàárà pé ilé iṣẹ́ ló ti wá. Ẹni tó bá gba owó ti ilẹ̀ lórí rẹ̀, olè ni.

Èyí tí mo kórìíra jù ni ruby tó ti sán yánnayànna, tí wọ́n wá fi gíláàsì olójé dí ojú ibi tó sán. Bí ẹ bá wò ó báyìí, ó ń dán gbinrin. Ẹ fi òroḿbó wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń fọ idẹ, omi kíkan yẹn á jẹ gíláàsì inú rẹ̀, gbogbo ojú ibi tó sán á fara hàn. Iná alágbẹ̀dẹ góòlù náà á ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní ruby ni, òótọ́ ni, ruby wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n garnet, òkúta pupa míì, kékeré kan tó mọ́ tónítóní sàn fún mi jù ú lọ nígbà mẹ́wàá.

Kí ẹ má rò pé mo ń fi Mọ́mì ṣẹ̀sín, ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo lọ wá emerald l'Ékòó. Ẹni àkọ́kọ́ pe iye kan tó kéré, mo pọ̀ṣẹ́, mo kọjá. Ẹnì kejì pe ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀, mo sanwó. Ọ̀gá mi ò tiẹ̀ mú awò tó fi sọ pé gíláàsì ni. Iye tó pè ló tà á fún mi.

Ó dáa, kí lẹ máa wá rà?

Bí owó ọwọ́ yín ò bá ju ti aṣọ ẹbí kan pẹ̀lú gèlè rẹ̀ lọ, amethyst, garnet pupa tàbí citrine aláwọ̀ oyin ni kí ẹ wá, kí wọ́n fi fàdákà dè é. Ẹ wá 925 lára fàdákà náà, ìyẹn ni pé 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ fàdákà. Àwọn kan ń tẹ 925 sára irin lásán, torí náà bí mágínẹ́ẹ̀tì bá gbé e, ẹ dá a padà fún wọn. Ẹ má fi góòlù dè é pẹ̀lú owó yẹn, góòlù á gba gbogbo owó náà tán, òkúta á wá kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Ẹnì kan á sọ fún yín pé amethyst tí wọ́n sun níná ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú citrine. Òótọ́ ló sọ. Àwọ̀ náà ò ní ṣí, ẹ wọ̀ ọ́ dáadáa.

Àǹfààní kan wà níbí tí àwọn olówó ò ní. Owó kárátì ruby kì í dúró lójú kan: bí òkúta ṣe ń tóbi ni owó kárátì kọ̀ọ̀kan ń gun òkè, tó fi jẹ́ pé oníkárátì méjì lè ju ìlọ́po méjì oníkárátì kan lọ dáadáa. Amethyst kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ kí òkúta òun hàn láti ẹ̀yìn kánópì, amethyst ni kó rà, kó rà á tó tóbi tó èkùrọ́. Ẹni tó bá kú sórí sapphire, tí owó ò sì tó, kó ra márùn-ún wínníwínní kó to wọ́n jọ bí òdòdó. Wọ́n á rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju ẹyọ ńlá kan lọ.

Bí owó bá gbé pẹ́ẹ́lí, ẹ bọ́ sórí tourmaline àti aquamarine. Ilẹ̀ wa ní wọn. Ní 1998, wọ́n rí tourmaline pupa tó pọ̀ jaburata nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́, òkìkí rẹ̀ kàn dé ọjà òkúta lókè òkun. Òkè-Ògùn ní tourmaline, Ìjerò-Èkìtì náà ní. Ọ̀jọ́ọ̀ ní Ìbàdàn ni àwọn oníṣòwò òkúta ń kó wọn wá. Ó máa ń dùn mí pé èèyàn á wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ ra gíláàsì òyìnbó lówó gọbọi, nígbà tí èyí wà nílẹ̀. Tourmaline pupa dúró dáadáa fún ẹni tó ń wá àwọ̀ ruby, èyí tó ní àwọ̀ ewé sì wà fún ẹni tó ń wá emerald.

Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó ruby, sapphire tàbí emerald gidi, ìwé àyẹ̀wò ni kó kọ́kọ́ béèrè, ti GIA, ilé àyẹ̀wò òkúta ti Amẹ́ríkà, tàbí irú rẹ̀. Kó wò ó bóyá wọ́n sun ún níná, bóyá wọ́n fi epo tàbí gíláàsì dí i. Iná kì í ṣe àbùkù fún sapphire, èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n ń sun. Epo náà kì í ṣe àjèjì fún emerald. Kí ẹ ṣáà ti mọ̀ kí ẹ tó sanwó ni.

Àwọn kan á ní, “Àǹtí, oṣù keje ni wọ́n bí mi, ruby ni òkúta mi.” Àwọn oníṣòwò góòlù Amẹ́ríkà ló jókòó to òkúta oṣù ìbí yẹn ní 1912. Ní 2002, wọ́n tún fi tanzanite kún ti oṣù kejìlá, òkúta tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n títí di 1967 tí wọ́n rí i ní Tanzania. Orí yín ò ní bínú bí ẹ bá wọ garnet.

Ibi tí ẹ máa wọ̀ ọ́ sí náà ṣe pàtàkì. Ruby àti sapphire jẹ́ 9 lórí òṣùwọ̀n Mohs, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí òkúta ṣe le tó láti 1 dé 10, amethyst jẹ́ 7, iyùn ò ju 3 sí 4 lọ. Iyanrìn inú eruku ọ̀nà wa náà tó 7. Nítorí náà ẹ má fi ọwọ́ gbígbẹ nu eruku lára òrùka, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣàn án. Iyùn, etí àti ọrùn ni tirẹ̀, lọ́fínńdà sì ni kó kọ́kọ́ gbẹ lára yín kí ẹ tó gbé e wọ̀.

Mọ́mì ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n dá pupa padà sínú àpótí alárán, wọ́n ní àwọn ń lọ bá ẹni tó tà á. Mo bọ́ òkúta àlùkò kúrò lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, mo fi iyùn wẹ́wẹ́ sín tuntun fún un kó lè bá gèlè ìyàwó lọ. Wọ́n gbé e sọ́rùn, wọ́n wo dígí, wọ́n tún yí ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ kejì wò ó. Wọ́n sanwó. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n bojú wẹ̀yìn:

“Onílẹ̀kẹ̀, má sọ iye tí wọ́n rà á fún ẹnikẹ́ni o.”