Bàbá Lánlọ́ọ̀dù Wo Avatar

(Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni. Tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn. Sàká onígbàjámọ̀ jẹ owó ṣọ́ọ̀bù oṣù mẹ́rin. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù wá gbowó, ó ní kí Sàká kọ́kọ́ gé irun òun ná, àmọ́ ojú rẹ̀ ti kó sínú fíìmù. Ìyá Ìbejì, onídìrí ìsọ̀ kejì, dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti òòyà lọ́wọ́. Túndé, ọmọ Yunifásítì, ló gbé fíìmù náà wá nínú fláàṣì.)

BÀBÁ: Sàká, ta ló ti àwọn ọmọ yìí bọ ìkòkò aró?

SÀKÁ: Bí wọ́n ṣe dá wọn nìyẹn, Bàbá. Ará Pandora ni wọ́n.

BÀBÁ: Ìpínlẹ̀ wo nìyẹn?

TÚNDÉ: Kò sí láyé yìí, Bàbá. Òṣùpá kan ni, lọ́nà jíjìn réré. Avatar ni fíìmù yìí ń jẹ́. James Cameron ló ṣe é, 2009 ló jáde. Wọ́n ní mílíọ̀nù 237 dọ́là ló ná sí i.

BÀBÁ: Kò sì rí nínú ẹ̀ fi ra aṣọ fún wọn?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ fi aṣọ sílẹ̀, irun ni kí ẹ wò! Háà! Ó ti ṣóńṣó irun ẹ̀ bọ ti ẹṣin!

TÚNDÉ: Bí wọ́n ṣe ń bá ẹranko sọ̀rọ̀ nìyẹn, Mà. Iṣan wà nínú irun náà, bíi wáyà.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Irú oníbàárà báyìí ò dáa. Kí n fa irun le díẹ̀, kí ẹṣin máa ké níta?

SÀKÁ: Èmi o, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ló mú mi. Jake yẹn, sójà ni, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ti rọ. Wọ́n gbé ọkàn ẹ̀ sínú ara aláwọ̀ aró kan. Ìgbà tó jí nínú ẹ̀, kò dúró gbọ́ ti dókítà. Ó já gbogbo wáyà dànù, ó sá jáde, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wa iyẹ̀pẹ̀. Èmi tí mò ń dúró látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí mò ń bú ẹsẹ̀ mi, omi lé ròrò sí mi lójú.

BÀBÁ: Ẹkún ò san owó ṣọ́ọ̀bù. Gé irun.

TÚNDÉ: Ẹ gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ yẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì ní Los Angeles, Paul Frommer, ni wọ́n ní kó jókòó, kó dá a sílẹ̀, tòun ti gírámà. Tí wọ́n bá fẹ́ kí ara wọn, “Mo rí ọ” ni wọ́n ń wí. Ìyẹn ni pé, mo rí inú rẹ, mo mọ ẹni tí o jẹ́.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Kí wọ́n má gbé ìkíni yẹn dé àdúgbò wa o. Ẹni tó bá ti ní “mo rí ẹ” níbí, ó ti ká ẹ mọ́ ìdí nǹkan ni.

(Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ inú fíìmù gbé òkúta kékeré kan tó ń léfòó.)

TÚNDÉ: Ohun tí àwọn ará ayé tìtorí ẹ̀ wá nìyẹn. Kílò kan, mílíọ̀nù 20 dọ́là. Abẹ́ igi tí àwọn aláwọ̀ aró ń gbé ló pọ̀ sí jù, ni wọ́n bá ní kí wọ́n kó kúrò. Wọ́n fún Jake lóṣù mẹ́ta kó fi bá wọn sọ̀rọ̀.

BÀBÁ: Oṣù mẹ́ta! Wọ́n ṣèèyàn.

TÚNDÉ: Bàbá, àwọn aláwọ̀ aró ló nilẹ̀!

BÀBÁ: Ìwé ilẹ̀ wọn dà? Sọ́féè dà?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Túndé, kí ni wọ́n tiẹ̀ ń fi òkúta ọ̀hún ṣe? Ṣé wọ́n ń sè é jẹ ni?

TÚNDÉ: Fíìmù ò sọ, Mà.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Kò sọ? Gbogbo owó yẹn, a ò ní mọ ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ń pa ara wọn? Tí èmi bá bá ará ilé jà, kílẹ̀ tó ṣú, ojúlé mẹ́wàá á ti mọ̀dí ẹ̀!

TÚNDÉ: Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an, ẹ̀fẹ̀ ni: unobtanium. Bí ìgbà téèyàn ní “ohun tọ́wọ́ ò lè tẹ̀”.

BÀBÁ: Owó ṣọ́ọ̀bù Sàká nìyẹn.

(Sàká tan kílípà lójijì, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.)

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ wò ó, ọmọ olórí ìlú yìí ni Jake máa fẹ́. Ọkùnrin tó ń fajú ro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àfẹ́sọ́nà ẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á jà, wọ́n á dọ̀rẹ́, òun náà á sì kú.

TÚNDÉ: Ẹ ti wò ó rí ni?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Rárá o. Mo ti gbọ́ ọ rí.

TÚNDÉ: Ibi tó kù sí gan-an nìyẹn, Mà. Ẹ ẹ́ rí òkè tó ń fò lófuurufú, ẹ ẹ́ rí igbó tó ń tàn lóru, ìtàn ò sì ní jáyà yín lẹ́ẹ̀kan. Ẹyẹ pupa ńlá kan ń bọ̀ níwájú, àwọn onílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré lèèyàn tíì gùn ún láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Jake tó ti oṣù mẹ́ta dé, ó fò lé e, ó parí. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ ká rí ìjàkadì ẹ̀.

BÀBÁ: Àlejò tó lójú tí kò fi ríran, òun ló wá ń ṣolórí ogun fún onílẹ̀. Ká sòótọ́, ọ̀gá sójà yẹn ló wù mí. Ó ń mu kọfí, ó ń ju bọ́ǹbù. Ọkùnrin!

TÚNDÉ: Ìwà ibi nìkan ni wọ́n fún un, Bàbá. A ò mọ̀yá ẹ̀, a ò mọ ohun tó ń dùn ún.

BÀBÁ: Ìwọ mọ ìyá agbowó-orí rí?

(Igi ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Kí n má purọ́, fíìmù kù síbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí igi yìí ti wó, kò sẹ́ni tó lè fọhùn. Kódà Ìyá Ìbejì dákẹ́, èyí tó ṣọ̀wọ́n.)

ÌYÁ ÌBEJÌ: Baba ọmọ olórí ìlú yẹn ti kú. Ẹ wo bó ṣe ń ké.

TÚNDÉ: Òṣèré Zoe Saldaña nìyẹn. Awọ ara yẹn, kọ̀ǹpútà ló yà á, àmọ́ ẹkún yẹn, tiẹ̀ ni. Wọ́n dé fìlà kan fún un, kámẹ́rà kékeré yọ síwájú ojú ẹ̀, ó ń ká gbogbo bí ojú ẹ̀ ṣe ń ṣe.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Owó yẹn ò ṣègbé nìyẹn. Aró lásán ò lè sunkún báyẹn.

SÀKÁ: Bàbá… ṣé ẹ̀yin náà ń sunkún ni?

BÀBÁ: Irun tí ò ń gé ló bọ́ sí mi lójú.

SÀKÁ: Bàbá, mo ti pa kílípà láti ìgbà tí wọ́n ti dé ìdí igi.

(Bàbá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.)

SÀKÁ: Ẹ sáà rí bó ṣe rí kí wọ́n léèyàn jáde…

BÀBÁ: Àwọn yẹn jẹ ẹnikẹ́ni lówó?

TÚNDÉ: Ẹ mọ̀ pé ní 2010, Oscar mẹ́ta péré ni fíìmù yìí gbà nínú mẹ́sàn-án tí wọ́n yàn án fún, gbogbo ẹ̀ ló sì jẹ́ ti ohun tójú ń rí. Èyí tó jẹ́ ọba wọn, ti fíìmù tó dára jù lọ, fíìmù The Hurt Locker ló gbé e lọ. Mílíọ̀nù 15 dọ́là ni wọ́n ní wọ́n fi ṣèyẹn. Kathryn Bigelow ló darí ẹ̀, ìyàwó Cameron àtijọ́.

ÌYÁ ÌBEJÌ: (ó ju òòyà sókè) Ìyàwó tó kọ̀?!

TÚNDÉ: Wọ́n ti kọ ara wọn láti 1991, Mà.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Yéè! Ìyẹn ló yẹ kó fi ṣe fíìmù!

BÀBÁ: Èló ni ọkọ pa?

TÚNDÉ: Ó ti lé ní bílíọ̀nù 2.9 dọ́là káàkiri ayé.

BÀBÁ: Kí ìyàwó máa gbé ife ẹ̀ lọ.

(Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́.)

SÀKÁ: Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú méjìlélógójì ni fíìmù yìí! Epo fẹ́ tán. Ẹ jẹ́ n sáré rà á wá.

(Ogun ìkẹyìn gbóná. Ìyá Ìbejì di apá Túndé mú. Sàká gbé jálá, ó gbé fìlà, ó gbé ṣájà fóònù, ó gbé aṣọ ìlékè rẹ̀, ó ń yọ́ rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Lójú fíìmù, Neytiri, ọmọ olórí ìlú, gbé Jake gidi, ọkùnrin ẹlẹ́ran ara kékeré yẹn, sí àyà bí ọmọ ọwọ́, ó ní òun rí i. Ìyá Ìbejì fa ikun. Bàbá ò yíjú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.)

BÀBÁ: Sàká.

SÀKÁ: Bàbá?

BÀBÁ: Mo rí ẹ.